Ẹ Bèèrè Òǹtẹ̀, Ẹ Gba Rìsíìtì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Iná Mànàmáná Ní Ìsọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wa, ní Òṣogbo

  

Mo mọ̀ pé bí Akọ̀wé bá ti dìde, ohun tí ẹ ń retí ni ìṣirò owó. Akápò ti ka ìyẹn, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ sọ lónìí, iná mànàmáná tí àwa ń pè ní iná NEPA títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN ní ọdún 2005, tí pínpín iná ní agbègbè wa sì ti bọ́ sí ọwọ́ IBEDC láti oṣù kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ wọn ló ń yí padà, iná fúnra rẹ̀ kò yí ìwà padà.

Kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ iná?

Ẹ̀yin ará Iléṣà ẹ mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Nígbà tí àwọn baba yín ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ ni a ti ń pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló. Àwa nínú ẹgbẹ́ yìí kì í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Oníduro la ní. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó á mú ènìyàn méjì wá, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ síwèé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Kí ni a ń yáwó ṣe báyìí? Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, owó ata, owó aṣọ, owó epo ni. Ní báyìí, fíríìsà ni, ẹ̀rọ ìlọta ni, ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ni, áyọ́ọ̀nù ńlá ni, ẹ̀rọ amúnáwá ni, sólà àti bátìrì ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbiná lóru, ìsọ̀ jóná, ọjà jóná, gbèsè kò jóná. Inú ìwé mi ló wà, ó ń wo oníduro lójú.

Ẹ rántí ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, tó mọ́, iná ti run ọjà àtayébáyé yẹn. Kì í ṣe nítorí ohun tó fà á ni mo ṣe dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tó fi sílẹ̀ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọjà náà kọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba lè kọ́ ògiri. Ta ni yóò dá ọjà inú rẹ̀ padà? Ta ni yóò san owó tí a fi rà á?

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìsọ̀ wa fara kan ara wọn. Pákó ìsọ̀ tèmi ló di ògiri ìsọ̀ tìrẹ. Wáyà burúkú tó wà ní ìsọ̀ kan, ti gbogbo ìlà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Ìyá kan wà ní ìlà wa tó ń ta ẹja dídì. Ẹgbẹ́ ló yá a lówó tó fi ra fíríìsà kejì. Èmi ni ọ̀kan nínú oníduro rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ọlọ́dẹ ọjà rí èéfín lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó fi irin já àgádágodo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó sì ń pariwo. Ọlọ́run bá wa ṣe é, iná náà kò kọjá ìsọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n fíríìsà méjèèjì lọ, ẹja lọ, aṣọ tí aládùúgbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Èkó lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ọlọ́dẹ yẹn ní àpá títí di òní. Gbèsè ìyá náà ku oṣù mẹ́jọ. Àwa oníduro méjèèjì la bá a san án, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán.

Gbogbo yín lẹ gbọ́ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí ẹ kò gbọ́ rèé. Extension tó gbiná yẹn, èmi ni mo rà á. Ìlà wa ló dáwó pé kí n bá wọn ra mẹ́rin. Mo dé ìsọ̀ ẹni tó ń tà á, ó gbé oríṣi méjì síwájú mi. Owó ẹyọ kan ojúlówó tó owó mẹ́ta èkejì. Mo wo èkejì, ó ń dán, wọ́n kọ CE sí i lára, wọ́n kọ áńpíà 13 sí i. Mo ní ṣé kì í ṣe iná náà ló ń gbé ni? Mo ra mẹ́rin, mo dá ṣẹ́ńjì padà fún ìlà, wọ́n sì yìn mí pé Akọ̀wé mọ owó ná. N kò gba rìsíìtì. N kò bèèrè ohunkóhun.

Nígbà tí iná jó tán, oníṣẹ́ iná kan bá mi tú èyí tó kù nílé mi. Wáyà inú rẹ̀ rí tín-ínrín bí òwú ìránṣọ, kì í sì í ṣe bàbà. Nígbà tó fi ọ̀bẹ fá a, inú rẹ̀ funfun. Alumíníọ́mù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, wọ́n kàn fi bàbà ra á lára. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Màdáàmù, ohun tí wọ́n tà fún mi lèmi náà ń tà." Ó ní kí n mú rìsíìtì wá. Ibo ni n ó ti rí i?

Bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Èmi gbọn tara mi. Mo dákẹ́. Mo bá a san gbèsè, n kò sọ fún ìgbìmọ̀ pé èmi ni mo ra ohun tó jó o. Ìyá náà mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó láàárín yín lónìí. Mo ti lọ bá a nílé kí n tó wá síbí, òun ló sì ní kí n sọ ọ́ síta kó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Àwọn tí òfin fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí. Ohun tí mo rí ni pé òfin wà, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n lò.

Èkíní ni àjọ SON, àwọn tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà. Ọjà tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ wa níbí, bíi wáyà, SON ni yóò yẹ ilé iṣẹ́ náà wò, tí wọn yóò sì gbé ọjà náà lọ sí ibi àyẹ̀wò. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní òǹtẹ̀ MANCAP pẹ̀lú nọ́ńbà. Láti ọdún 2006 ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà tó bá ti òkè òkun wá ní ètò tirẹ̀, òun ni SONCAP, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọjà náà wò ní ìlú tí wọ́n ti fẹ́ kó o wá, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó kó o wọlé ló ń gba ìwé ẹ̀rí náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ìwé SONCAP wà lọ́wọ́ ẹni tó kó kọ̀ǹténà wọlé. Èmi tí mo ra ẹyọ kan ní ọjà, n kò lè rí i. Ohun kan ṣoṣo tó so mí mọ́ ìwé yẹn ni rìsíìtì. Rìsíìtì mi fi hàn ẹni tó tà á fún mi, tirẹ̀ náà yóò fi hàn ẹni tó tà á fún un, títí yóò fi dé ẹsẹ̀ ẹni tó kó o wọlé. Bí a bá já okùn yẹn ní ọwọ́ tiwa, kò sí ẹni tí a lè mú. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàápàá sọ pé ẹni tó bá tajà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé tó fi ohun tó tà hàn. Kì í ṣe àánú ni a ń bẹ̀ ẹ́ bí a bá bèèrè rìsíìtì.

CE tí mo rí yẹn ńkọ́? Àmì ilẹ̀ Yúróòpù ni. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà, ẹni tó ṣe é ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i, láti sọ pé òun tẹ̀lé òfin wọn. Olóòótọ́ á tẹ̀ ẹ́, ayédèrú náà á sì tẹ̀ ẹ́. Àmì lásán kọ́ ni ẹ̀rí.

Èkejì ni NEMSA, tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀, tí Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 sì tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ló ń yẹ iṣẹ́ iná tuntun wò kí wọ́n tó fún un níná, àwọn ló ń yẹ mítà wò, àwọn náà ló sì ń dán oníṣẹ́ iná wò, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege ní ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọkùnrin tó bá gbé tẹ́sítà sí àpò ni oníṣẹ́ iná. Bí ó bá ní ìwé, kò ní bínú bí ẹ bá ní kó fi hàn yín.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní London sọ fún mi pé bí òun bá mú kẹ́tùlù láti ilé wá sí ibi iṣẹ́, wọn kò ní jẹ́ kí òun kì í bọ iná àfi bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ wáyà rẹ̀, tí wọ́n kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sí i. Òfin wọn ti ọdún 1989 sọ pé ohun iná tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ di ewu fún òṣìṣẹ́, bébà yẹn sì ni ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ fi ń fi hàn pé òun kò fọwọ́ lẹ́rán. Bébà kékeré, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé a kò lè ra bébà?

Ohun tí ojú àti ọwọ́ wa lè yẹ̀ wò

Kò dìgbà tí a bá lọ sí yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀:

1. Ẹ mú òòfà lọ sọ́jà. Òòfà kì í fa bàbà, kì í sì í fa idẹ. Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì tó dára, idẹ ni. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n kùn ni, ẹ dá a padà fún un.

2. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Wáyà tó kún fún bàbà máa ń wúwo. Bí ó bá fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ẹ fura. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí oníṣẹ́ iná gé etí rẹ̀, kó fá a. Bí inú bá funfun, kì í ṣe bàbà.

3. Ẹ má ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì. Ẹsẹ̀ gígùn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń gbé iná tó bá ya sí ara fíríìsà lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara yín kọjá. Àwa a ṣẹ́ ẹ, a ó wá fi ìdérí báírò ṣí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́.

4. Fúùsì kì í ṣe ọ̀tá wa. Bí ó bá já, ó ń sọ fún wa pé ẹrù ti wúwo jù. Ẹni tó bá fi ìṣó tàbí bébà inú páálí sìgá dípò rẹ̀ ti pa ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún un.

5. Ẹ ṣe ìṣirò ẹrù. Áńpíà 13 ní fóltì 230 kò ju nǹkan bíi wáàtì 3,000 lọ. Áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1,200 àti kẹ́tùlù tó jẹ́ 2,000 lórí extension kan, ó ti di 3,200. Ojúlówó ni mo ń sọ o. Ayédèrú kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Fíríìsà ní tirẹ̀, bó bá ń lọ lọ́wọ́, iná tó ń mu kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fa ìlọ́po púpọ̀. Ara ògiri gan-an ni kó ti máa mu iná, òun nìkan.

6. Ẹ̀rọ amúnáwá, ìta ni àyè rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò lóòórùn, ó máa ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ má sì kì í bọ wáyà NEPA láìsí súwíìṣì tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

7. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ wa ti gba sólà lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n bátìrì àlòkù tí wọ́n tún dì ní páálí tuntun wà lọ́jà. Rìsíìtì àti ìwé ìdánilójú ẹni tó tà á ni kí ẹ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀

Mo mọ̀ pé ibí ni ariwo máa wà. Òótọ́ ni pé fíríìsà àti fíríìjì àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò fẹ́ kó wọ Nàìjíríà. Òótọ́ náà ni pé ó wà ní ìsọ̀ ju ìdajì wa lọ. Èmi náà ní ọ̀kan. N kò wá síbí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀ sọ sí ààtàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí òǹtẹ̀ kankan tó ń ṣọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Àwa fúnra wa la máa ṣọ́ ọ. Èyí tó bá sì ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Fóltì 120 ni tiwọn, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá kì í bọ iná tiwa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín in kù, iná ló ń dá.

Àbá mi

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, mo gbé àbá mẹ́rin síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀:

Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá yáwó ra ohun iná, kó mú rìsíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á wá kí a tó fún un ní ìdá tó kù nínú owó náà.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fi owó àpò ẹ̀kọ́ gba oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, kó máa yẹ ìsọ̀ wa wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, kó sì lẹ bébà ọjọ́ àyẹ̀wò mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Tòkunbọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò máa rí i pé a pa súwíìṣì ńlá kí a tó lọ sílé. Ẹni tó bá ní fíríìsà tó gbọ́dọ̀ wà níná lóru, kí wáyà tirẹ̀ dá dúró, kí oníṣẹ́ iná sì ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin, kí oníduro ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìsọ̀ ẹni tó dúró fún, kó wo wáyà rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní amẹ́bọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìnáwó ni Akọ̀wé tún gbé dé yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìnáwó ni. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé mi. Owó oníṣẹ́ iná fún gbogbo ìsọ̀ wa ní ọdún kan kò tó ohun tí àwa oníduro méjì san ní oṣù mẹ́jọ yẹn. Owó tí mo fi ra ayédèrú mẹ́rin, ìlà wa yìn mí pé mo dín in kù. Ẹ wá wo iye tó wá di.

Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti jó mi lẹ́ẹ̀kan. Kó má jó ẹnikẹ́ni nínú yín rárá.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọjà wa, yóò ṣọ́ ilé wa, yóò ṣọ́ àwọn ọmọ wa. A kò ní fi ọwọ́ ara wa dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹgbẹ́ wa yóò máa ga sí i.